Ìjà Tí Kò Fẹ́ Tán: Ọ̀nà Ìlàjà Wo Ló Bá Ẹgbẹ́, Ìjọ tàbí Àdúgbò Yín Mu?

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí ìdìbò ààrẹ ti kọjá ní bí oṣù kan, mo rí ohun kan ní ọjà Kubwa, ní Àbújá, tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wa, ti jọ ń lo mudu, abọ́ tí a fi ń wọn oúnjẹ, kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Etí mudu náà ti ya, wáyà ni wọ́n fi dè é. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wá gba mudu, ìyá onírẹsì kò nà án sí i lọ́wọ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í síwájú díẹ̀, ó sì yíjú sí oníbàárà rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wò ó, kò bẹ̀rẹ̀ mú un, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó fa gbogbo èyí kò ju pé wọn kò dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, tí àwọn ọmọ wọn sì ti bú ara wọn lórí WhatsApp ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún láti wá nǹkan ṣe sí i, mo sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A kọ́kọ́ pe pásítọ̀ kan àti àfáà kan láti wá gbàdúrà fún wa, lẹ́yìn náà a kọ ìwé ìbẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà a fẹ́ lọ bá agbẹjọ́rò. Oṣù mẹ́fà lọ báyẹn, nítorí pé ọ̀nà tó bá kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni a ń tọ̀, a kò bi ara wa bóyá ó bá irú ìjà tí a ní mu. Mo kọ ìfiwéra yìí fún àwọn alága, akọ̀wé, ìyálọ́jà, imáàmù, olùṣọ́-àgùntàn àti aṣáájú àdúgbò tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́ ní Àbújá tàbí níbikíbi ní Òkè Ọya, kí wọ́n má baà pàdánù irú oṣù mẹ́fà bẹ́ẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí ẹ ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ ohun tó bàjẹ́ gan-an. Nínú àwọn ìjà tí mo ti rí láàrin àwọn èèyàn wa níbí, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló máa ń wà nísàlẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀tọ́, bíi ilẹ̀, ìsọ̀ ọjà, owó ẹgbẹ́, ipò tàbí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ó lè jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé, níbi tí a ti jọ ń gbé, tí kò sí ohun tí a ń bá ara wa dù, ṣùgbọ́n tí olúkúlùkù ti gbà pé ẹnì kejì kò fẹ́ ire fún òun. Ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rù, nígbà tí ìròyìn burúkú dé láti ibòmíràn, tí a kò sì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ọ̀la máa mọ́ bá wa láìséwu. Ìjà àìtán ni èyí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ inú ara wọn, tí ọmọ sì ti jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí bí ìyapa òṣèlú ṣe ń di irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ìyapa kì í fi bẹ́ẹ̀ léwu nígbà tí ohun tó pín wa kò bá gba ojú kan náà kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhájì kí àbúrò jẹ́ díákónì, kí wọ́n jọ jẹ ẹran Iléyá kí wọ́n sì jọ jẹ ìrẹsì Kérésì. Bí òṣèlú bá pín wọn, ẹ̀jẹ̀ ṣì so wọ́n pọ̀. Ní ìlú Kàdúná, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà ìjà ọdún 2000 lórí òfin Ṣàríà. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sí gúúsù rẹ̀, débi pé odò kan náà ló wá pín ẹ̀sìn, ẹ̀yà àti ìbò lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ oṣù kẹrin ọdún 2011, ìwọ́de lórí èsì ìbò di ìjà ẹ̀sìn àti ẹ̀yà láàrin wákàtí díẹ̀. Àjọ Human Rights Watch ka òkú tó ju 800 lọ láàrin ọjọ́ mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ 12 ní Òkè Ọya. Nítorí náà, kí ẹ tó yan ọ̀nà kankan, ẹ wò ó bóyá àwọn tó ń jà ṣì ní ibì kan tí wọ́n ti jọ ń pàdé. Bí ó bá ṣì wà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bàjẹ́, nítorí pé ohun tó máa ná yín láti tún un kọ́ pọ̀ ju ohun tó máa ná yín láti tọ́jú rẹ̀ lọ.

Àwọn òṣùwọ̀n yòókù kò gùn. Ẹ béèrè iye owó àti àkókò tí ọ̀nà náà ń gbà. Ẹ béèrè ẹni tó máa dúró ti ìpinnu lẹ́yìn tí onílàjà bá ti lọ. Kí ẹ sì béèrè bóyá ẹni tí kò lágbára nínú ìjà náà, bí obìnrin, ọ̀dọ́ tàbí àlejò, máa lè la ẹnu rẹ̀ níbẹ̀ láìsí ewu.

Àwọn àgbà, Ọba Yorùbá àti mai unguwa

Èyí ló rọrùn jù, òun náà ló sì yá jù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá Òkè Ọya, àwa Yorùbá ní olórí tiwa, tí a ń pè ní Ọba Yorùbá, tí àwọn Hausa sì ń pè ní Sarkin Yarbawa. Ó mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, ó mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ hakimi, ìyẹn olórí agbègbè, wọ́n sì mọ̀ ọ́n láàfin. Owó tí ẹ ó ná kò ju owó ọkọ̀ àti obì lọ, ọ̀rọ̀ sì lè parí láàrin ọjọ́ kan sí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti dára jù ni ìjà ìbẹ̀rù. Ní oṣù keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sàgámù láàrin Yorùbá àti Hausa nígbà ọdún Orò. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ẹ̀san fi dé Kánò, tí wọ́n sì ń pa Yorùbá tí kò fojú kan Sàgámù rí. Ìdí nìyí tí àyà Yorùbá tó ń gbé Òkè Ọya fi já nígbà tí ìjà Ilé-Ifẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2017, àti nígbà tí ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn gbiná ní oṣù kejì ọdún 2021. Lẹ́yìn ti Ṣáṣá, gómìnà mẹ́rin láti Òkè Ọya wá sí Ìbàdàn fúnra wọn, ìbẹ̀wò náà sì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n kí gómìnà tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹni tó lè dáàbò bo ìsọ̀ yín lóru ọjọ́ náà ni mai unguwa àti imáàmù tó mọ orúkọ yín. Kò sí kọ́ọ̀tù tó ń jókòó ní aago méjìlá òru.

Àléébù rẹ̀ wà nínú ohun kan náà tó fún un lágbára. Àgbà tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún lè sọ pé kí ọ̀rọ̀ tán, kí ó sì tán lójú rẹ̀, nígbà tí ẹni tí wọ́n jẹ níyà ń gbé e lọ sílé. Obìnrin àti ọ̀dọ́ kì í sábà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í kọ ohunkóhun sílẹ̀. Èyí tó sì bá ti òṣèlú mu jù ni pé àgbà náà lè ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. A fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí a bọ̀wọ̀ fún gan-an ní Kubwa, àfi ìgbà tí ẹnì kan rán wa létí pé gbogbo wa ti rí bàbá náà nínú fọ́tò ìpolongo ìbò. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí gbogbo ènìyàn sì ti mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí i púpọ̀ lójú ẹni tí ó wà ní òdìkejì, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó.

Onílàjà tó kọ́ iṣẹ́ náà, láàrin ẹ̀sìn méjèèjì

Bí ẹ bá ń wá àpẹẹrẹ ọ̀nà yìí, Kàdúná ni kí ẹ kọjú sí. Imáàmù Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye kò bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rẹ́. Olórí àwọn ọ̀dọ́ ajàjàgbara ẹ̀sìn ni wọ́n, ìkíní lápá Mùsùlùmí, ìkejì lápá Kìrìsìtẹ́nì. Nínú ìjà ọdún 1992 tó bẹ̀rẹ̀ ní Zangon Kataf, Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, Ashafa sì pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí méjì. Akọ̀ròyìn kan ló mú wọn fojú kan ara wọn ní ọdún 1995, wọ́n sì dá Interfaith Mediation Centre sílẹ̀ lọ́dún náà. Wuye fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé nígbà tí àwọn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀san ló ṣì wà lọ́kàn òun, ó sì gba òun lọ́dún púpọ̀ kí ó tó kúrò. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìkórìíra kò tíì tán nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì yìí ti ń jọ ṣiṣẹ́.

Bí onílàjà tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà. Kì í kọ́kọ́ kó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jọ. Ó máa ń jókòó pẹ̀lú ìkíní lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìkejì lọ́tọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ sọ tiwọn níbi tí bàbá wọn kò sí. Ó ń kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, ó ń ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó mú wọn pàdé. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní onílàjà, tó sì fẹ́ kó gbogbo yín sí yàrá kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ọ̀nà yìí gba àkókò, láti oṣù díẹ̀ dé ọdún mélòó kan, ó sì gba owó gbọ̀ngàn, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Àwọn àjọ tó ń ṣe é sábà máa ń gba owó lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́, iṣẹ́ sì máa ń dúró nígbà tí owó bá dúró. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó ti bàjẹ́ pátápátá ni òògùn yìí wà fún. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, àwọn olórí ẹ̀sìn fọwọ́ sí Ìkéde Àlàáfíà Kàdúná. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílùú náà lórí ìdíje ẹwà Miss World, àwọn tó kú sì lé ní 200. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, àwọn ẹ̀yà gúúsù Kàdúná fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Kafanchan, síbẹ̀ ìpànìyàn tún ṣẹlẹ̀ ní agbègbè náà kí ọdún tó parí. Àdéhùn tí àwọn olórí fọwọ́ sí kì í fúnra rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó dúró sí ojú títì. Ohun tí iṣẹ́ Ashafa àti Wuye fi ń pẹ́ ni pé wọ́n ń padà lọ léraléra, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tó wà ní àdúgbò láti máa ṣe é.

Ilé ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀

Yorùbá ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni wọ́n fẹ́ yẹra fún nígbà tí wọ́n dá Abuja Multi-Door Courthouse sílẹ̀ lábẹ́ ilé ẹjọ́ gíga olú-ìlú ní ọdún 2003, ọdún kan lẹ́yìn tí Èkó dá tiwọn sílẹ̀. Níbẹ̀, dípò kí adájọ́ sọ ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi, onílàjà kan tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan ń ran ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́ láti rí ohun tí ẹ lè jọ gbà. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ kì í jáde síta. Bí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó fọwọ́ sí i, yóò sì ní agbára òfin. Òfin Arbitration and Mediation Act tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti fi ẹsẹ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà.

Ẹ ó san owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó ìjókòó, ẹ sì lè fẹ́ mú agbẹjọ́rò dání, ṣùgbọ́n kò lè tó ohun tí ẹjọ́ ọlọ́dún mẹ́wàá máa ná yín. Bí ìjà yín bá jẹ́ ti ẹ̀tọ́ tó ní ààlà, ọ̀nà yìí ni mo gbà yín nímọ̀ràn jù: owó ìtọ́jú ẹ́síteètì, ìsọ̀ tí ẹni méjì san owó rẹ̀, ilẹ̀ ní Lugbe tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì, ilé ìjọsìn tí ìjọ tó pín sí méjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò wúlò fún ìkórìíra tí kò ní ohun kan pàtó tí ẹ ń bèèrè fún, kò sì sí fún ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn, èyí tó jẹ́ ti ọlọ́pàá àti adájọ́. Bí ẹnì kejì bá sì kọ̀ láti wá, ọwọ́ yín máa ṣófo, nítorí pé ìfẹ́-inú ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí àti àdéhùn ṣáájú ìbò

Méjèèjì wà lókè ju ọwọ́ wa lọ, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìgbìmọ̀ olùwádìí ń ṣe iṣẹ́ kan tí kò sí ọ̀nà mìíràn tó ń ṣe é: ó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Niki Tobi wádìí ìjà Jọ́ọ̀sì ti ọdún 2001, ìgbìmọ̀ tí Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti jẹ́ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé, ṣe alága rẹ̀ sì wádìí ti ọdún 2008. Ìgbìmọ̀ Oputa, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1999 láti wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀, gbọ́ ẹjọ́ káàkiri Nàìjíríà, ó fi àbọ̀ rẹ̀ jíṣẹ́ ní 2002, ìjọba àpapọ̀ kò sì gbé e jáde fún ará ìlú. Bí wọ́n bá gbé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ lórí àdúgbò yín, ẹ lọ jẹ́rìí, ẹ kó orúkọ òkú àti iye ohun ìní dání, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìlàjà dúró de àbọ̀ rẹ̀.

Ti àdéhùn ṣáájú ìbò, Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà Orílẹ̀-èdè tí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ń darí, tí Bíṣọ́ọ̀bù Matthew Kukah sì wà nínú rẹ̀, mú kí àwọn olùdíje fọwọ́ sí Àdéhùn Àbújá, pé ìdìbò máa lọ ní àlàáfíà, ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2015. Nígbà tí ààrẹ Jonathan fi fóònù kí Buhari kú oríire ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ wa ní Àbújá tó ti di ẹrù sínú ọkọ̀ tú u. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lókè. Ní 2023 náà wọ́n fọwọ́ sí i, ọjọ́ mẹ́ta kí ìdìbò ààrẹ tó wáyé, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó kan ohun tí ọmọ ìyá onírẹsì kọ sórí WhatsApp.

Kí a jọ ṣiṣẹ́ kan

Ọ̀nà tó kù yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń ṣe lọ́nà òdì jù. Èrò náà ti pẹ́: ní ọdún 1954, onímọ̀ ìrònú ọmọ Amẹ́ríkà kan, Gordon Allport, sọ pé bí àwọn tí kò fẹ́ràn ara wọn bá pàdé lórí ẹsẹ̀ kan náà, tí wọ́n ní iṣẹ́ kan tí wọ́n jọ ń lé, tí wọ́n jọ ń ṣe é, tí àwọn aláṣẹ sì tì wọ́n lẹ́yìn, ẹ̀tanú máa dínkù.

Ní Kàdúná ni wọ́n ti dán an wò dáadáa. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Alexandra Scacco àti Shana Warren, ṣètò ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ọlọ́sẹ̀ 16 fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti àwọn àdúgbò tí ìjà ti jà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n da àwọn kan pọ̀ nínú kíláàsì kan, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sínú kíláàsì ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018 yà mí lẹ́nu. Ọkàn àwọn ọ̀dọ́ náà kò yí padà: ohun tí wọ́n ń rò nípa ẹlẹ́sìn kejì kò yàtọ̀. Ìwà wọn ló yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn láǹfààní láti pín owó fún ẹlòmíràn tàbí láti ba tirẹ̀ jẹ́, àwọn tó wà nínú kíláàsì àdàpọ̀ kò fi ìyàtọ̀ sáàrin ẹlẹ́sìn tiwọn àti ti ẹnì kejì tó bí àwọn tó wà nínú kíláàsì ẹlẹ́sìn kan ṣe ń fi í sí. Ó tún ku ọ̀kan, èyí tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ìlú ní Àbújá gbọ́: àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ láàrin ẹlẹ́sìn tiwọn nìkan ń ṣe ojúsàájú ju àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ rárá lọ.

Ìyẹn ni pé bí àwa nìkan ṣe ń jókòó pọ̀ lóṣooṣù, tí a ń jẹ, tí a ń mu, tí a sì ń sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀, a lè máa burú sí i sí àwọn ẹlòmíràn láì mọ̀. Inú mi kò dùn láti kọ ọ́, nítorí mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń wo àwọn ìpàdé kéékèèké tí wọ́n yọ kúrò lára ẹgbẹ́ ní 2023, ti ẹgbẹ́ òṣèlú yìí ní Sátidé, ti ẹgbẹ́ òṣèlú tọ̀hún ní Àìkú, mo sì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ìkórìíra ti ń sanra.

Ohun tó là wá lójú kò ti ọwọ́ ìgbìmọ̀ wa wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin ẹgbẹ́ kú, ó sì di dandan kí àwọn kan se oúnjẹ fún èrò tó ń bọ̀ láti ilé. Akápò wa yan ìyá onírẹsì àti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ láti jọ bójú tó oúnjẹ, nítorí pé àwọn ló mọ iye ọjà. Kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí ji ara wọn, kò sọ̀rọ̀ ìdìbò. Ó kó owó lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jọ buwọ́ lu ìwé ìnáwó. Fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n jọ wọn ìrẹsì, wọ́n jọ ka ẹran, wọ́n jọ gbá ọmọ tó fẹ́ jí epo mú. Títí di òní, wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ìdìbò 2023, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sì sọ fún mi pé ohun tí ọmọ ìyá onírẹsì kọ ṣì ń dun òun. Mudu tó ní wáyà létí náà ṣì ń lọ láti ìsọ̀ kan sí ìkejì, láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Owó ọ̀nà yìí kò pọ̀, nítorí pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ ó lò: òkú sísin, àjọ, gọ́tà kíkó, kànga, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ohun tó le níbẹ̀ ni kí iṣẹ́ náà jẹ́ òótọ́, kí ó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí agbára àwọn méjèèjì sì dọ́gba nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ kan tí gómìnà wá ya fọ́tò níbẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Bákan náà ni kò ní wúlò níbi tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn, tàbí níbi tí ẹ̀gbẹ́ kan ti gba ohun ìní ẹnì kejì tí kò sì dá a padà. Ẹ kò lè ní kí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ máa bá ẹni tó gbà á kó gọ́tà.

Ta ni kí ó yan èwo

Bí ìròyìn ìjà bá dé láti ibòmíràn lálẹ́ òní, mai unguwa, Ọba Yorùbá, imáàmù àti olùṣọ́-àgùntàn àdúgbò ni kí ẹ pè, kí ẹ sì ti kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dù ilẹ̀, ìsọ̀ tàbí owó ẹgbẹ́, ẹ lọ sí ilé ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀ bí ẹ bá wà ní Àbújá, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn àgbà bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ kí ó lè gbà láti wá. Tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni, kò sí onílàjà tó lè yanjú rẹ̀ fún yín. Apá 318 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 wo ibi tí òbí tàbí òbí àgbà ti wá, kò wo ibi tí wọ́n bí ọmọ sí. Aṣòfin yín ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó ba àárín ẹ̀yin àti aládùúgbò yín jẹ́, nítorí kì í ṣe òun ló kọ ọ́.

Àdúgbò tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn láàrin ẹlẹ́sìn méjì nílò onílàjà tó kọ́ṣẹ́, tó sì gbà láti padà wá fún ọdún méjì ó kéré tán. Bí owó tí ẹ ní kò bá ju ti ìpàdé kan lọ, ẹ tọ́jú owó náà títí yóò fi tó. Àti ẹgbẹ́, ìjọ tàbí ẹ́síteètì tí òṣèlú nìkan pín, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ẹnì kejì, kí wọ́n wo inú ìwé ètò ọdún wọn fún iṣẹ́ méjì tó nílò ènìyàn mẹ́rin, kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, méjì méjì, kí ìpolongo ìbò 2027 tó gbóná.